Bí ẹ ṣe lè ṣírò owó orí lórí ọjà tí ẹ ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì kéde rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta ọjà lórí WhatsApp, Instagram àti Facebook ní Àkúrẹ́ ni kò ka ara wọn sí oníṣòwò. Olùkọ́ ni ẹnìkan, ó kàn ń ta wíìgì fún àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA ni ẹnìkejì, ó kàn ń ta bàtà fún àwọn tí wọ́n jọ ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì. Abiyamọ ni ẹnìkẹta, ní Ọ̀bà-Ilé, ó ń ra àǹkárá ní ọjà, ó ń ya fọ́tò rẹ̀, ó sì ń gbé e síta títí ẹni tó fẹ́ ẹ yóò fi sanwó. Bí a bá bi wọ́n nípa owó orí, èsì tó máa ń jáde ni pé, “Èmi kò kúkú ní ṣọ́ọ̀bù.” Òfin kò béèrè ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èrè ni ó ń béèrè, ibi yòówù kí a ti rí i.

Òfin owó orí tuntun, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lù ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2025, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2026, òun náà ni mo sì gbé ìtọ́sọ́nà yìí lé. Ẹni tó bá ń ṣírò owó tó rí ní ọdún 2025 tàbí ṣáájú rẹ̀ gbọ́dọ̀ lo ìwọ̀n ti òfin àtijọ́, nítorí náà kí ó má ṣe fi ìṣirò tí mo ṣe nísàlẹ̀ ṣe ti ọdún wọ̀nyẹn. Owó tó bá wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìn-ín-ní títí dé òpin oṣù Kejìlá ọdún 2026 ni a ó kéde, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2027, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa rí lọ́dọọdún.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú àhesọ kan kúrò lọ́nà. Nígbà tí òfin yìí ń bọ̀, ohun tó gba ìgboro ni pé ìjọba yóò máa gé lára gbogbo owó tó bá wọ àkáǹtì ènìyàn, débi pé àwọn kan ń sọ fún oníbàárà wọn pé kí ó kọ “ẹ̀bùn” sí ibi àlàyé nígbà tó bá ń fi owó ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Owó orí kò sí lórí owó tó gba inú àkáǹtì kọjá. Orí èrè ni ó wà, ìyẹn ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí a bá ti yọ iye tí a ra ọjà àti ìnáwó tí a ṣe kí ọjà náà tó dé ọwọ́ oníbàárà. Ní ti ₦50 tí báńkì máa ń yọ lórí owó tó bá tó ₦10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, owó òǹtẹ̀ ni ìyẹn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026, ẹni tó fi owó ránṣẹ́ ni ó ń san án, kò sì kan owó orí yín ju pé ẹ lè kà á mọ́ ìnáwó òwò nígbà tí ẹ bá ń sanwó ọjà. Ọ̀rọ̀ “ẹ̀bùn” tí wọ́n ń kọ yẹn, ìpalára ni lójú tèmi, nítorí pé irọ́ ni, bí wọ́n bá sì bi ènìyàn léèrè lọ́la, ìwé báńkì tó yẹ kó gbè é lẹ́sẹ̀ ni yóò máa ta kò ó.

Ṣé òwò ni, àbí ẹrù ilé?

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ènìyàn bá tà ni òwò. Bí ẹ bá ń kó kúrò ní Ìjàpọ̀ lọ sí Ọ̀bà-Ilé, tí ẹ gbé fíríìjì àtijọ́, àga àti kẹ̀kẹ́ ọmọ sí Facebook tàbí Jiji, tí ẹnìkan sì rà wọ́n, ẹrù ilé ni ẹ tà. Òfin dá irú ẹrù ìlò ara ẹni bẹ́ẹ̀ sí tí iye rẹ̀ kò bá ju ₦5,000,000 lọ, ó sì dá ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti ara ẹni méjì sí nínú ọdún kan. Ta ni yóò tilẹ̀ jèrè lórí fíríìjì tó ti lò fún ọdún mẹ́fà?

Òwò ni nígbà tí ẹ bá rà á nítorí àtità, tí ẹ ń ṣe é lemọ́lemọ́, tí ẹ ń polówó rẹ̀, tàbí tí ẹ ń fi ọwọ́ ara yín ṣe é kí ẹ tó tà á, bí ẹni tó ń rán àpò tàbí ẹni tó ń ra ẹja ní Ìgbọ́kọ̀dá tó ń yan án, tó ń dì í, tó sì ń fi í ránṣẹ́. Ọmọbìnrin tó ta ẹ̀wù mẹ́ta tí kò gbà á mọ́ kò tíì ṣòwò. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí i pé wọ́n yá a lọ́wọ́, tó wá lọ ṣí béèlì òkìríkà kan, ọjọ́ tó ṣí béèlì yẹn ni òwò bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ náà ni ó sì yẹ kí àkọsílẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí a ń san án fún, àti nọ́ńbà tí a ń lò

Ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó ń gba owó orí lọ́wọ́ ènìyàn kọ̀ọ̀kan, ibi tí ẹ sì ń gbé ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ibi tí oníbàárà wà. Ẹni tó ń gbé ní Àkúrẹ́, tó ń ta epo pupa Òkìtìpupa fún àwọn ará Èkó àti Àbújá, àjọ tó ń gba owó orí ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí a mọ̀ sí ODIRS, ni yóò kéde owó rẹ̀ fún. Ẹni tó ń tà fún àwọn ará òkè òkun náà kò yọ sílẹ̀. Yóò yí dọ́là tàbí pọ́n-ùn rẹ̀ sí náírà kó tó kọ ọ́.

Nọ́ńbà ìdánimọ̀ owó orí ni ẹ óò nílò, NIN yín ni ó sì ń ṣe iṣẹ́ yẹn lábẹ́ òfin tuntun. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá orúkọ tó wà lórí NIN bá èyí tó wà ní báńkì mu, pàápàá ẹ̀yin ìyá tí ẹ yí orúkọ padà lẹ́yìn ìgbéyàwó. Àtúnṣe orúkọ máa ń gba àkókò, kò sì yẹ kí a fi í dúró de oṣù Kẹta.

Ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í gbọ́. Wọ́n gbọ́ lórí rédíò pé òwò kékeré tí ọjà títà rẹ̀ kò ju ₦100,000,000 lọ lọ́dún kò ní san owó orí, wọ́n sì gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí. Owó orí ti kọ́ńpìnnì ni ìyẹn ń sọ. Ẹni tó ń tà ní orúkọ ara rẹ̀, tàbí tó fi orúkọ òwò nìkan sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ òwò àti kọ́ńpìnnì sílẹ̀, kì í ṣe kọ́ńpìnnì lójú òfin. Èrè òwò náà ṣì jẹ́ èrè tirẹ̀, owó orí ti ènìyàn kọ̀ọ̀kan ni ó sì kàn án.

Àkáǹtì kan fún òwò, ìwé kan fún òwò

Ní ọdún àkọ́kọ́ tí èmi fi ń ta àpò, àkáǹtì kan ṣoṣo ni mo ń lò fún ohun gbogbo. Owó àpò ń wọlé síbẹ̀, owó àjọ tí mo ń gbà lọ́wọ́ àwọn obìnrin mọ́kànlá ń wọlé síbẹ̀, àbúrò mi tó wà lókè òkun sì ń fi owó oògùn ìyá wa ránṣẹ́ síbẹ̀. Nígbà tí mo jókòó ti ìwé báńkì ní ìparí ọdún, ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi ń bi ara mi pé ta ni Adé tó fi ₦18,500 ránṣẹ́ ní oṣù Karùn-ún, àti kí ni mo tà fún un. Títí di òní n kò mọ̀ ọ́n. Owó àjọ kì í ṣe owó tó wọlé fún mi, owó oògùn kì í ṣe owó ọjà, ẹ̀yáwó náà kì í ṣe èrè. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo wọn bá ti pò pọ̀, ẹ̀yin ni ẹ óò máa ṣàlàyé èyí tó jẹ́ èwo. Nítorí náà, ẹ ṣí àkáǹtì kejì, kí ó jẹ́ pé òun nìkan ni nọ́ńbà tí oníbàárà mọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ jẹun nínú rẹ̀, ẹ fi iye kan ránṣẹ́ sí àkáǹtì ilé, kí ẹ sì kọ ọ́ pé ẹ mú un fún ara yín. Owó tí ẹ mú yìí kì í ṣe ìnáwó òwò, bí ẹ tilẹ̀ ń pè é ní owó oṣù.

Lẹ́yìn àkáǹtì ni ìwé. Kò pọn dandan kí ó jẹ́ ohun orí kọ̀ǹpútà; ìwé líle tí wọ́n ń tà ní Arákàlẹ̀ tó. Ní ojú-ewé ọ̀tún, ẹ máa kọ ọjà tí ẹ tà: ọjọ́, ohun tó jẹ́, orúkọ tó wà lórí owó tó wọlé, àti iye. Ní ojú-ewé òsì, ẹ kọ ohun tí ẹ ná. Ọjà tí ẹ tà ní àwìn, ọjọ́ tí ẹ gbé e fún onítọ̀hún ni ẹ óò kọ ọ́, kì í ṣe ọjọ́ tó tó sanwó. Bí gbèsè náà bá wá kú pátá, tí ẹ sì ní ẹ̀rí pé ẹ bèèrè rẹ̀ títí tí ó sú yín, ẹ lè yọ ọ́ kúrò nínú èrè ọdún náà. Ọjà tí oníbàárà dá padà, tí ẹ sì dá owó rẹ̀ padà, ẹ kọ èyí náà, kí ó má baà dà bí ẹni pé ẹ tà á.

Owó ìfiránṣẹ́ ni ó máa ń da ìwé rú jù. Oníbàárà ní Ìbàdàn san ₦27,000. ₦24,000 jẹ́ owó àpò, ₦3,000 jẹ́ ti awakọ̀ tí ẹ fi ẹrù lé lọ́wọ́ ní gáréèjì. Bí ẹ bá kọ ₦27,000 sí apá ọ̀tún, tí ẹ gbàgbé ₦3,000 ní apá òsì, ẹ ó san owó orí lórí owó tí awakọ̀ ti gbé lọ. Ẹ kọ méjèèjì.

Ẹ óò sọ pé àwọn tí à ń rajà lọ́wọ́ wọn ní Ọjà Ọba kì í fún ènìyàn ní rìsíìtì. Òótọ́ ni. Ẹ ra ìwé rìsíìtì tiyín, ẹ kọ ohun tí ẹ rà àti iye rẹ̀ sínú rẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì bẹ ìyá náà pé kí ó fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ wọn kì í kọ̀, bí ẹ bá kọ́kọ́ kí wọn dáadáa kí ẹ tó na ìwé. Bí ẹ bá sì fi owó ránṣẹ́ sí wọn láti orí fóònù, ẹ̀rí owó náà ti tó, bí ẹ bá ti kọ orúkọ ọjà sí ibi àlàyé.

Ìnáwó tí òfin gbà, àti èyí tí kò gbà

Ìlànà rẹ̀ ni pé kí ìnáwó náà jẹ́ nítorí òwò nìkan. Iye tí ẹ ra ọjà, owó ọkọ̀ lọ sí ibi tí ẹ ti rà á, owó ìfiránṣẹ́, nọ́lọ́ọ̀nù àti páálí tí ẹ fi ń dì í, owó ìpolówó lórí Instagram, owó tí báńkì ń yọ, owó tí ìjọba ìbílẹ̀ gbà lọ́wọ́ yín nítorí òwò náà: gbogbo wọn wọlé. Dátà àti epo jẹnẹrétọ̀ ni ó gba òótọ́ inú, nítorí pé ilé àti òwò jọ ń lò wọ́n. Bí ẹ bá rò pé ìdajì dátà yín ni ẹ fi ń tajà, ìdajì ni kí ẹ kọ, kí ẹ sì lè sọ bí ẹ ṣe dé ibẹ̀. Fóònù tuntun tàbí jẹnẹrétọ̀ kò ṣeé yọ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé yóò lò ju ọdún kan lọ. Ọdún mélòó kan ni a máa ń pín iye rẹ̀ sí.

Oúnjẹ ilé, owó ilé-ìwé ọmọ, aṣọ tí ẹ wọ̀ láti ya fídíò ọjà, àti owó ìtanràn kò wọlé. Aṣọ yẹn ń dun àwọn ọmọbìnrin púpọ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n aṣọ tí ẹ óò tún wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, ta ni yóò gbà pé ti òwò nìkan ni?

Ọjà tó kù nílẹ̀

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, ẹ ka gbogbo ọjà tí ẹ kò tíì tà, kí ẹ sì kọ iye tí ẹ rà wọ́n, kì í ṣe iye tí ẹ fẹ́ tà wọ́n. Iye yìí ni ẹ óò yọ kúrò nínú owó tí ẹ fi rajà lọ́dún náà, nítorí pé ọjà tó ṣì wà nínú yàrá kò tíì di ìnáwó. Iye kan náà ni yóò sì bẹ̀rẹ̀ ọdún tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá fo èyí yóò rò pé òun pàdánù lọ́dún tó rajà púpọ̀, yóò sì jèrè tó kọjá òye rẹ̀ lọ́dún tó ń ta á tán.

Ìṣirò gan-an

Ẹ jẹ́ kí a mú abiyamọ Ọ̀bà-Ilé yẹn, kí a sì fi àpẹẹrẹ iye sí i. Ó ta ọjà ₦4,860,000 láàárín ọdún. Ó ra ọjà ₦3,200,000, èyí tó kù nílẹ̀ ní òpin ọdún sì jẹ́ ₦340,000, nítorí náà iye tí ó ra ohun tó tà jẹ́ ₦2,860,000. Ó kù ₦2,000,000. Owó ìfiránṣẹ́ jẹ ₦210,000, ìpolówó ₦120,000, ìdajì owó dátà rẹ̀ ₦96,000, nọ́lọ́ọ̀nù àti páálí ₦48,000, owó báńkì ₦26,000. Àpapọ̀ wọn jẹ́ ₦500,000. Èrè rẹ̀ jẹ́ ₦1,500,000, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iye tó wọ àkáǹtì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦5,000,000.

Ó ń san ₦300,000 lọ́dún fún ilé tó háyà. Òfin gbà kí ènìyàn yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé tó san, bí iye tó yọ náà kò bá ṣáà ti ju ₦500,000 lọ. Tirẹ̀ jẹ́ ₦60,000. Ó kù ₦1,440,000 tí a ó gbé owó orí lé. Ẹni tó ń gbé ilé ara rẹ̀ tàbí ilé bàbá rẹ̀ kò ní àǹfààní yìí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń san owó ìfẹ̀yìntì tàbí owó ìbánigbófò ẹ̀mí lè yọ àwọn wọ̀nyẹn.

Nínú owó tó kù, ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó orí rárá. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e jẹ́ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. ₦9,000,000 tó tún tẹ̀ lé ìyẹn jẹ́ ìdá 18. Lẹ́yìn rẹ̀ ₦13,000,000 jẹ́ ìdá 21, ₦25,000,000 jẹ́ ìdá 23, ohun tó bá sì kọjá ₦50,000,000 lápapọ̀ jẹ́ ìdá 25. Ti abiyamọ yìí kò kọjá ìpele kejì: ₦640,000 ni ó lé lórí ₦800,000, ìdá 15 rẹ̀ sì jẹ́ ₦96,000 fún ọdún kan, ìyẹn ₦8,000 lóṣù. Bí ó bá ń fi ₦8,000 yìí pamọ́ lóṣooṣù, oṣù Kẹta kò ní bá a lójijì.

Olùkọ́ tó ń ta wíìgì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti pọ̀ jù. Kí a ní owó oṣù rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ohun tó yẹ ní yíyọ, jẹ́ ₦1,600,000 lọ́dún, èrè wíìgì sì jẹ́ ₦400,000. Ó lè rò pé níwọ̀n bí ₦400,000 kò ti tó ₦800,000, wíìgì kò mú owó orí dání. Ṣùgbọ́n ènìyàn kan, ₦800,000 kan ni. Ẹ̀ka tó ń san owó oṣù rẹ̀ ti lò ó tán kí wọ́n tó gé owó orí rẹ̀, nítorí náà orí owó oṣù ni èrè wíìgì yóò gùn lé: gbogbo ₦400,000 náà yóò gba ìdá 15, ìyẹn ₦60,000. Pé wọ́n ń gé owó orí lára owó oṣù rẹ̀ kò sì ní kí ó má kéde fúnra rẹ̀. Owó oṣù àti èrè wíìgì ni yóò kọ sínú fọ́ọ̀mù kan náà, yóò sì so ìwé ẹ̀rí ohun tí wọ́n ti gé mọ́ ọn.

Ní ti akẹ́kọ̀ọ́ FUTA tí èrè bàtà rẹ̀ jẹ́ ₦500,000, tí kò sì ní owó mìíràn, òdo ni owó orí rẹ̀. Kí ó ṣì kéde òdo náà.

Kíkéde àti sísan

Bí ẹ bá ti ní àròpọ̀ yín, ẹ lọ sí ọ́fíìsì ODIRS tó sún mọ́ yín, tàbí kí ẹ lo ojú òpó wọn, kí ẹ fi NIN forúkọ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ iye ọjà tí ẹ tà, iye tí ẹ rà á, ìnáwó, owó ilé àti owó mìíràn tó wọlé sínú fọ́ọ̀mù ọdọọdún. Ẹ mú ìwé báńkì àkáǹtì òwò, ìwé àkọsílẹ̀ yín àti ìwé ẹ̀rí owó ilé dání. Ẹni tí kò bá kéde títí ọjọ́ fi kọjá, ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ₦100,000 fún oṣù àkọ́kọ́ àti ₦50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e. Ẹ wo abiyamọ tí gbogbo owó orí rẹ̀ jẹ́ ₦96,000, kí ẹ fi wé e.

Ẹ má ṣe fi owó lé òṣìṣẹ́ kankan lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má ṣe fi í ránṣẹ́ sí àkáǹtì tó ní orúkọ ènìyàn, bí ó ti wù kí ẹni náà yá mọ́ yín tó. Nọ́ńbà ìsanwó tí àjọ náà fún yín ni ẹ óò gbé lọ sí báńkì tàbí kí ẹ fi san án lórí fóònù, ẹ ó sì gba rìsíìtì tó ní orúkọ yín àti ọdún tí owó náà wà fún.

Bí ẹ kò bá kéde, tàbí tí wọn kò bá gba ohun tí ẹ kọ, àjọ náà lè fojú díwọ̀n èrè yín fúnra rẹ̀, ìwọ̀n wọn kì í sì í kéré. Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá dé ọwọ́ yín, ọgbọ̀n ọjọ́ ni ẹ ní láti kọ̀wé padà pé ẹ kò fara mọ́ ọn. Ẹ kọ ìdí rẹ̀ àti iye tí ẹ̀yin gbà pé ó tọ́, ẹ so ẹ̀dà ojú-ewé ìwé yín mọ́ ọn, kí ẹ sì rí i pé wọ́n tẹ òǹtẹ̀ tó ní ọjọ́ sórí ẹ̀dà tó kù sí yín lọ́wọ́.

Ọdún mẹ́fà ni ó yẹ kí ẹ tọ́jú àwọn ìwé náà. Ẹni tó bá tún fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí pé òun kò jẹ owó orí, tí wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ àgbàṣe fún ìjọba tàbí tó ń wá ìwé ilẹ̀, ọdún mẹ́ta tó ṣáájú ni wọn yóò wò. Àwọn rìsíìtì pẹlẹbẹ tí ẹ̀rọ POS ń tẹ̀ jáde máa ń ṣí tí wọ́n á di funfun kí ọdún kan tó pé, nítorí náà ẹ ya fọ́tò wọn lọ́jọ́ tí ẹ bá gbà wọ́n.